Lílọ Ègé Aṣọ Pọ̀ Kí A Tó Rán Kúbùsù: Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Kéwú àti Òbí

 

 Ohun tí ẹ sábà máa ń kà nínú ìwé ìròyìn ọdọọdún yìí ni ọ̀rọ̀ lórí ìrun, ààwẹ̀, sàká àti ìwà ọmọlúàbí. Ní ọdún yìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ kan. Bóyá àwọn kan yóò bi wá pé: kí ni ó kan ilé-kéwú kan áyọ́ọ̀nù àti abẹ́rẹ́?

Ìdáhùn wa kò jìnnà. Ọmọ kéwú tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ojú sàráà ni yóò máa wò. Bí ó ti wù kí kéwú rẹ̀ jinlẹ̀ tó, ẹni tí ń fún un ní oúnjẹ ni yóò máa darí ahọ́n rẹ̀, yóò sì ṣòro fún un láti sọ òdodo níwájú olówó. Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a) ti jẹ́ kí a mọ̀ pé kò sí oúnjẹ tí ó dára ju èyí tí ènìyàn fi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ rí lọ, ó sì fi Ànọ́bì Dáúdà ṣe àpẹẹrẹ fún wa. Ọba ni Ànọ́bì Dáúdà, síbẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń jẹ.

Irú iṣẹ́ wo ni Ànọ́bì Dáúdà ń ṣe? Ẹ wo Suratu Saba'i. Níbẹ̀ ni Ọlọ́hun ti sọ fún wa pé Òun rọ irin fún un, Òun sì pa á láṣẹ pé kí ó máa fi ṣe ẹ̀wù ogun, kí ó sì wọn àwọn òrùka rẹ̀ dọ́gba. Ẹ fi ọkàn sí gbólóhùn ìkẹyìn yìí. Ẹ̀wù irin kì í ṣe irin pẹlẹbẹ kan ṣoṣo. Òrùka kéékèèké ni a so kọ́ ara wọn. Bí ọ̀kan bá tóbi ju èkejì lọ, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀kọ̀ yóò gbà wọlé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ so ohun kéékèèké pọ̀ di ohun ńlá kan, wíwọ̀n àti mímú dọ́gba ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Èyí ni ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ fi kúbùsù ègé aṣọ kọ́ yín.

KÍ NI KÚBÙSÙ ÈGÉ AṢỌ?

Aṣọ ìbora ni, ó sì ní ìpele mẹ́ta. Ìpele òkè ni èyí tí a fi ègé aṣọ kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi rán pọ̀. Ìpele àárín ni ohun tí ń mú ooru wá, bí òwú tàbí kúbùsù tí ó ti gbó. Ìpele ìsàlẹ̀ ni aṣọ pẹlẹbẹ tí yóò kan ara ẹni tí ó bá bò ó. Lẹ́yìn tí a bá tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé ara wọn, a ó fi abẹ́rẹ́ rán wọn já láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ibi púpọ̀, kí wọ́n má baà yẹ̀ kúrò lára ara wọn.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí àwa Mùsùlùmí. Ní ìpínlẹ̀ Sindh ní orílẹ̀-èdè Pakistan, àwọn obìnrin máa ń kó aṣọ tí ó ti gbó jọ, wọn a gé e, wọn a sì rán an pọ̀ di aṣọ ìbora tí wọ́n ń pè ní rilli. Ó wà lára ẹrù tí ìyàwó máa ń kó lọ sí ilé ọkọ. Ní ìlú Kairo ní ilẹ̀ Íjíbítì, òpópónà kan wà nítòsí ẹnubodè Bab Zuwayla tí wọ́n kọ́ ní 1092. Ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ti ń gé aṣọ òwú sí ègé, tí wọ́n ń ká etí rẹ̀ sínú, tí wọ́n sì ń rán an mọ́ aṣọ líle fún àgọ́ ìgbéyàwó, àgọ́ òkú àti ti òru Ramadan. Ní òkè Ọya níhìn-ín, àwọn ẹlẹ́ṣin a máa wọ ẹṣin wọn ní lífídì, aṣọ tí ó nípọn tí wọ́n fi òwú àràbà sí àárín rẹ̀. Láyé ogun, ààbò ni. Lóde òní, ọ̀ṣọ́ ọdún Iléyá ni.

Àní aṣọ dúdú tí a fi ń bo Kaaba pàápàá kì í ṣe aṣọ kan ṣoṣo. Ègé sílíkì 47 ni wọ́n ń rán pọ̀, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 14. Ní 1927 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe é sílẹ̀ ní Mẹ́kà. Ṣáájú ìgbà náà, Íjíbítì ni ó sábà máa ń ti wá, Íjíbítì kò sì jáwọ́ pátápátá nínú fífi í ránṣẹ́ títí di 1962.

ÌDÍ TÍ LÍLỌ̀ FI GBỌ́DỌ̀ ṢÁÁJÚ RÍRÁN

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ìgbà tí iṣẹ́ bá parí ni a máa ń wá áyọ́ọ̀nù, kí aṣọ lè dán lójú oníbàárà. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí ìmáàmù ti ń ṣe. Kí ó tó wọ ìrun, yóò kọ́kọ́ yíjú sí jàmáà, yóò ní kí wọ́n tò, kí èjìká kan èjìká, kí wọ́n dí àlàfo. Kò sí ìmáàmù tí ń dúró di ìgbà tí jàmáà bá wà ní rúkúù kí ó tó máa to sáfù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ègé aṣọ. Áyọ́ọ̀nù ni ń to sáfù wọn. Abẹ́rẹ́ kàn ń so ohun tí áyọ́ọ̀nù ti tò ni. Bí a bá rán wíwọ́, wíwọ́ náà ni òwú yóò dì mú. Áyọ́ọ̀nù tí a bá wá mú wá ní ìkẹyìn kò lè tún un ṣe mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú iṣẹ́ náà ní ìpele-ìpele.

ÌPELE KÌÍNÍ: KÍ A TÓ GÉ AṢỌ

Ọ̀pọ̀ nínú ègé tí a ń lò, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni a ti ń ṣà á. Ó ti rún, ó ti ká, erùpẹ̀ sì ti kó sí i lára. Ohun àkọ́kọ́ ni kí a yà wọ́n sọ́tọ̀: ańkárá àti aṣọ òwú yòókù sí ọ̀nà kan, léèsì, aṣọ tí ń dán àti èyí tí ń fà bí rọ́bà sí ọ̀nà kejì. Fún kúbùsù, aṣọ òwú ni ó dára jù, nítorí ó ń gba ooru áyọ́ọ̀nù, ó sì ń dúró síbi tí a bá tẹ̀ ẹ́ sí. Bí a kò bá mọ irú èyí tí aṣọ kan jẹ́, kí àgbàlagbà kan fi iná kan òwú díẹ̀ tí a fà yọ lára rẹ̀. Òwú gidi yóò jó bí ìwé, eérú rẹ̀ yóò sì rọ̀. Aṣọ tí a fi kẹ́míkà ṣe yóò yọ́, yóò sì dì bí ìlẹ̀kẹ̀ líle.

Lẹ́yìn èyí, kí a fọ̀ wọ́n. Aṣọ òwú tuntun máa ń súnkì ní fífọ̀ àkọ́kọ́. Èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 100 lè di 97 tàbí 95. Bí a bá rán ègé tí a ti fọ̀ mọ́ èyí tí a kò tíì fọ̀, ọjọ́ tí ìyá àfin ilé bá kọ́kọ́ fọ kúbùsù náà ni ọ̀kan yóò súnkì tí èkejì kò ní í súnkì, gbogbo ojú rẹ̀ yóò sì hunjọ. Àdìrẹ ní tirẹ̀, kí a fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí aró rẹ̀ má baà kó bá funfun tí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí aṣọ tó gbẹ tán ni kí a lọ̀ ọ́, nígbà tí ọ̀rinrin díẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Bí ó bá ti gbẹ, kí a fi ọwọ́ wọ́n omi sí i. Ọ̀rinrin àti ooru ni wọ́n jọ ń mú kí òwú gbà láti nà. Ìgbà tí ó bá tẹ́jú tán ni a ó tó gbé téèpù àti sáàsì. Ẹni tí ó bá wọn aṣọ tí ó ká, irọ́ ni téèpù yóò pa fún un. Íǹṣì 5 tí ó gé yóò di íǹṣì 5 àti díẹ̀ nígbà tí ìká náà bá nà, ègé náà kò sì ní í bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba mọ́.

ÌPELE KEJÌ: LÍLỌ ÈGÉ MÉJÌ PỌ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń fò kọjá, òun gan-an sì ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Bí a bá ti mú ègé méjì tí a fẹ́ rán pọ̀, kí a tẹ́ wọn lé ara wọn, kí ojú aṣọ kọjú sí ojú aṣọ, kí etí ọ̀kan bá etí èkejì mu. Kí a wá gbé áyọ́ọ̀nù lé wọn pọ̀, kí a ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí a gbé e kúrò. Bí ẹ bá wá gbé ègé náà sókè, ẹ ó rí i pé méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan. Irun wínníwínní tí ó wà lára òwú ni ó di ara wọn mú.

Kí ni àǹfààní rẹ̀? Ẹ wo abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Eyín kéékèèké wà níbẹ̀ tí ń fa aṣọ ìsàlẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n irin tí a ń pè ní ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, aṣọ òkè ni ó tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ó sì ń dá a dúró díẹ̀díẹ̀. Aṣọ ìsàlẹ̀ ń yára, aṣọ òkè ń fà sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí ègé méjì tí wọ́n dọ́gba ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í fi í dọ́gba mọ́ bí abẹ́rẹ́ bá dé òpin. Àwọn ọmọ a máa rò pé ẹ̀rọ ni ó bàjẹ́. Ègé tí a ti lọ̀ pọ̀ kì í tètè yẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí a bá sì tún fi píìnì méjì tàbí mẹ́ta dì í mú, ó parí.

Ẹ kíyèsí i pé a ní kí a gbé áyọ́ọ̀nù lé e. A kò ní kí a wọ́ ọ lórí aṣọ. Ẹni tí ń lọ agbádá lè wọ́ áyọ́ọ̀nù síwá sẹ́yìn. Ẹni tí ń lọ ègé aṣọ, títẹ̀ ni yóò máa tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń hun aṣọ òkè yóò tètè mọ ìdí rẹ̀. Òwú kan lọ ní gígùn, òwú kan lọ ní ìbú. Bí ẹ bá fa aṣọ ní gígùn tàbí ní ìbú, kò ní í nà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fà á láti igun kan sí igun kejì, yóò nà bí rọ́bà, nítorí kò sí òwú kankan tí ó dì í mú ní ọ̀nà náà. Áyọ́ọ̀nù tí a bá wọ́ gba igun kọjá yóò sọ onígun mẹ́rin di ohun mìíràn. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

ÌPELE KẸTA: LẸ́YÌN OJÚ RÍRÁN KỌ̀Ọ̀KAN

Bí a bá ti rán ègé méjì pọ̀ tán, kí a má tíì ṣí i. Kí a kọ́kọ́ gbé áyọ́ọ̀nù lé ojú rírán náà bí ó ti wà, kí òwú lè rì sínú aṣọ. Lẹ́yìn náà ni a ó ṣí ègé òkè, tí a ó sì tẹ ojú rírán náà láti iwájú, kí aṣọ kankan má ká pamọ́ síbẹ̀.

Ní ẹ̀yìn, etí méjì ni yóò kù. A lè dà wọ́n sí apá kan, a sì lè là wọ́n sí ọ̀tún àti òsì. Dídà sí apá kan ni ó lágbára jù fún aṣọ ìbora, nítorí kò jẹ́ kí òwú àárín rí ojú rírán gbà yọ síta. Apá ègé tí ó dúdú ni kí a dà á sí. Bí a bá dà á sí apá funfun, òjìji dúdú yóò máa hàn láti abẹ́. Bí a bá sì ti rán ìlà kan tán, tí a da gbogbo etí rẹ̀ sí ọ̀tún, kí a da ti ìlà tí yóò tẹ̀lé e sí òsì. Nígbà tí ìlà méjèèjì bá pàdé, etí ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ yóò wọ inú ara wọn bí ìka ọwọ́ méjì tí a fi kọ́ra, oríta wọn yóò sì ṣe rẹ́gí láìsí wàhálà.

Ṣùgbọ́n bí ègé púpọ̀ bá pàdé ní ojú kan, bí ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́jọ tí a sábà máa ń rí lára ògiri mọ́ṣáláṣí àti èèpo ìwé àwọn Lárúbáwá, lílà ni ó dára. Bí a bá da gbogbo rẹ̀ sí apá kan, àárín ìràwọ̀ náà yóò ga bí kókó, abẹ́rẹ́ lè ṣẹ́ síbẹ̀.

ÌṢIRÒ TÍ Ó YẸ KÍ GBOGBO AKẸ́KỌ̀Ọ́ ṢE

Ká ní a gé ègé onígun mẹ́rin tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 5. A ó fi ìdámẹ́rin íǹṣì (¼) sílẹ̀ ní etí kọ̀ọ̀kan fún rírán. Ohun tí yóò hàn lójú kúbùsù ni íǹṣì 4½. Bí a bá to ègé 12 ní ìbú àti 16 ní gígùn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 192. Ìbú kúbùsù náà yóò jẹ́ íǹṣì 54, gígùn rẹ̀ yóò sì jẹ́ íǹṣì 72. Ó tó ọmọ kan bora.

Nínú ìlà tí ó ní ègé 12, ojú rírán 11 ni ó wà níbẹ̀. Ká ní a kò tẹ̀ wọ́n dáadáa, tí aṣọ díẹ̀ ká pamọ́ sínú ojú rírán kọ̀ọ̀kan, tí ohun tí ó pamọ́ náà kò sì ju ìdámẹ́jọ íǹṣì (⅛) lọ. Ta ni yóò rí ìdámẹ́jọ íǹṣì? Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà 11: ìlà náà ti fi íǹṣì 1⅜ kúrú. Bí ó bá wá pàdé ìlà tí a lọ̀ dáadáa, ọ̀kan yóò gùn, ọ̀kan yóò kúrú, kò sì sí bí a ṣe lè fà á tí kò ní í hunjọ. Ẹ̀ṣẹ̀ kékeré tí a kò kà sí náà, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe. Ọ̀kan kò tó nǹkan. Ìgbà tí wọ́n bá kójọ ni a ó mọ̀ pé wọ́n wúwo.

ÌPELE KẸRIN: KÍ A TÓ TẸ́ ÌPELE MẸ́TẸ̀Ẹ̀TA

Ìgbà ìkẹyìn tí a lè lo áyọ́ọ̀nù gbígbóná láìbẹ̀rù ni kí ìpele àárín tó wọlé. Kí a lọ ojú kúbùsù láti ẹ̀yìn, kí a tún lọ̀ ọ́ láti iwájú. Kí a lọ aṣọ ìsàlẹ̀ náà, kí a sì jẹ́ kí ó fi bí íǹṣì 2 ju ti òkè lọ yíká. Kí a wá tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tí ó mọ́, kí a tẹ́ ìpele àárín lé e, kí a sì fi ti òkè bò ó. Láti àárín ni a ó ti máa fi ọwọ́ tẹ́ ẹ lọ sí etí. Lẹ́yìn náà kí a fi òwú gígùn rán an ní ìrán onígbà-díẹ̀, kí àlàfo ìlà kan sí èkejì jẹ́ bí íǹṣì 4. Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí ni a ó tú òwú náà kúrò.

Lẹ́yìn èyí, áyọ́ọ̀nù gbígbóná kì í ṣe ọ̀rẹ́ kúbùsù mọ́. Òwú àárín tí a fi kẹ́míkà ṣe yóò yọ́ tàbí kí ó pẹlẹbẹ. Òwú àràbà ní tirẹ̀ yára gbiná púpọ̀, nítorí náà a kò gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn láti lò ó. Ìró tàbí kúbùsù tí ó ti gbó, tí a ti fọ̀ dáadáa, ni ó rọrùn jù fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

ÌṢỌ́RA NÍDÌÍ ÁYỌ́Ọ̀NÙ

Lára áyọ́ọ̀nù oníná, àmì roboto kéékèèké wà tí ń sọ bí ooru rẹ̀ ti tó. Ọ̀kan ni ti aṣọ tí iná kì í pẹ́ bàjẹ́, ooru rẹ̀ kì í ju 110 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì lọ. Méjì jẹ́ 150. Mẹ́ta, tí ó jẹ́ ti aṣọ òwú, jẹ́ 200. Áyọ́ọ̀nù eléèédú kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Nítorí náà kí a máa kọ́kọ́ dán an wò lára àkísà, kí a sì fi aṣọ tí ó ní ọ̀rinrin díẹ̀ bo ègé kí a tó gbé e lé e, kí eérú má baà ta sí i.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: a kì í lo áyọ́ọ̀nù eléèédú nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kan ń jáde lára èédú tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn láìjẹ́ kí ó mọ̀. Ìta tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ni kí ẹ ti máa lò ó, kí àwọn ọmọ kéékèèké sì jìnnà sí i. Bí áyọ́ọ̀nù kò bá sí rárá, kí iṣẹ́ má dúró. Kí a wọ́n omi sí aṣọ, kí a fi èékánná tẹ ojú rírán, kí a ká a sábẹ́ ẹní tàbí ohun wúwo di ọjọ́ kejì, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe sí ṣòkòtò wọn.

Ọ̀RỌ̀ ÌPARÍ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni kí ẹ mú lọ sílé. Èkíní, ìmúrasílẹ̀ wà lára iṣẹ́. Ẹni tí kò ṣe àlùwàlá kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìrun, ẹni tí kò sì lọ ègé rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ kúbùsù. Èkejì, ojú tí ó wà nínú, tí oníbàárà kò ní í rí, Ọlọ́hun rí i. Ẹ̀kẹta, ìnákúnàá kò dára. Ohun tí télọ̀ ń gbá dà sí ààtàn lè di aṣọ tí ọmọ aláìní yóò fi sùn nígbà ọyẹ́.

Ẹ̀yin télọ̀ tí ẹ wà nínú jàmáà wa, a bẹ̀ yín: ẹ má sun àjákù aṣọ yín níná mọ́. Ẹ dì í sínú àpò, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé-kéwú tí ó bá sún mọ́ yín. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe bínú bí ọmọ yín bá dé láti ilé-kéwú pẹ̀lú òwú lára. Kéwú wà ní orí rẹ̀, iṣẹ́ sì ń wọ ọwọ́ rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni yóò lè dúró lórí òdodo lọ́la láìbẹ̀rù pé ẹnì kan yóò gba oúnjẹ lẹ́nu òun.

Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa, kí Ó to sáfù wa ní mọ́ṣáláṣí àti nínú ilé, kí Ó má sì jẹ́ kí a hunjọ ní ọjọ́ tí a ó tẹ́ iṣẹ́ wa sílẹ̀ níwájú Rẹ̀. Āmīn.